Ta ló ní ìyá tí kò ra gbogbo ọjà ọmọ kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀?

Adùkẹ́_Bódìjà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin bàbá náà ẹ kú ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ ká jọ sọ ọ́ dáadáa. Oyún mi ti wọ oṣù keje, àkọ́bí ni, wọ́n sì ti fún mi ní líìsì níbi tí mo ti forúkọ sílẹ̀. Líìsì yẹn ò burú: owú, Dettol, páàdì, ike tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tí wọ́n máa fi gba ọmọ, ohun tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ nìyẹn, mi ò bá ẹnì kankan jà lórí ẹ̀. Líìsì kejì ló ń já mi láyà, èyí tí ẹnì kankan ò kọ lé mi lọ́wọ́ àmọ́ tí gbogbo èèyàn ń kà sí mi létí. Mo ṣí Instagram, ẹ̀rọ tó ń mi ọmọ títí á fi sùn. Mo ṣí WhatsApp, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò ara fídà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní báàgì ìyá àti aṣọ ọmọ gbọ́dọ̀ bára mu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wáìpù gan-an, ti ọwọ́ àti ẹnu lọ́tọ̀, ti ìdí lọ́tọ̀.

Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé nínú gbogbo ìpolówó yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n sọ pé ẹ ra eléyìí torí ó máa dín iṣẹ́ yín kù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyá tó mọ ohun tó ń ṣe ló ń rà á, ìyá tó bá fẹ́ ohun tó dáa jù fún ọmọ ẹ̀ ló ń rà á. Tí mi ò bá wá rà á ńkọ́? Owó ọjà nìkan kọ́ ló ń dùn mí o. Wọ́n ti so ìfẹ́ ọmọ mọ́ ọjà débi pé téèyàn bá la ẹnu pé ó wọ́n, ó dà bí ẹni pé ọmọ gan-an lèèyàn ń sọ pé ó wọ́n.

Màmá mi ní ọ̀já, òrí, kànhìnkànhìn àti omi gbígbóná ni òun fi tọ́ gbogbo wa. Mo gbọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ fún mi pé kí n ṣe bíi ti àtijọ́, torí àtijọ́ náà, ọmọ ń kú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni báwo lẹ̀yin ṣe mọ èyí tó yẹ ní rírà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi ń dẹ́rù bani?

ÌyáỌjà_Ògùnpa
Adùkẹ́ ọmọ mi, o kú ìkúnra. Wẹ́rẹ́ ni wà á bí, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọjà ọmọ ni mò ń tà, ó ti pẹ́, nítorí náà ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ń ṣe. Mo lè dá aláboyún àkọ́bí mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó máa gbé fóònù dání, á fi àwòrán hàn mí pé mà, irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́, tí mo bá ní èyí tó jọ ọ́ wà tí owó ẹ̀ ò tó ìdajì kò ní gbà, á ní kò jọ èyí tó wà nínú fóònù. Ẹni tó ń bí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin á dé, á ra owú, á ra òrí, á ra aṣọ díẹ̀, á ná an dáadáa, á sì gba ilé ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kó o mọ ohun kan. Èyí tí èèyàn máa rí ni wọn kì í ná. Báàgì, bàsíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì tó ní nẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìkómọ, kíá ni wọ́n ń sanwó ẹ̀. Èyí tó wà ní abẹ́ aṣọ, tí ara ọmọ gan-an ń fara kàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá mi fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá ọkọ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, ọ̀rẹ́ lè tẹ̀ lé e wá, ojú àwọn yẹn ni wọ́n fi ń ra ọjà.

Dáípà ló yé èèyàn jù báyìí. Lóṣù Kejìlá 2023, P&G tó ni Pampers kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó wọlé ni. Nígbà tó di 2024, Kimberly-Clark tó ni Huggies náà ní àwọn ń ti iléeṣẹ́ wọn ní Ìkòròdú pa. Ọwọ́n dé bá gbogbo ẹ̀. Lónìí, ẹyọ ẹyọ ni ọ̀pọ̀ ń rà á lọ́wọ́ mi, ìyá á wọ nápì aláṣọ fún ọmọ nílé, á wá fi dáípà sí i tí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí òde. Ṣó o rí i pé dáípà ti di aṣọ òde. Mi ò sì bú wọn o, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ìyá tí ọmọ ẹ̀ bá tọ̀ sára ẹni tó gbé e lóde.

BàbáÌbejì_Àkúrẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ẹ̀yin obìnrin lẹ̀ ń bá ara yín díje. Èmi ò mọ orúkọ báàgì kankan. Nígbà tí a bí ìbejì, èmi ni mo ń sanwó, ìyàwó mi ló sì ń sọ pé ti lágbájá ju eléyìí lọ. Ẹni tó ń tajà ò fi ìbọn sí ẹnikẹ́ni lórí.

Adùkẹ́_Bódìjà
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín sà. Àmọ́ ẹ wò ó, ta ni wọ́n máa bi tí ọmọ bá rù? Ta ni wọ́n máa bi tí ọmọ bá ń sunkún nínú mọ́tò, tí ara ẹ̀ bá sú, tí kò bá tètè rìn? Wọn ò ní bi yín. Ìyàwó yín ni wọ́n máa wò lójú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyá ni ìpolówó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọlá_Ìpolówó
Mo fẹ́ dá sí i torí mo ti ṣiṣẹ́ ìpolówó rí l'Ékòó. Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀ sà, ó kàn jẹ́ pé ti yín yàtọ̀. Bàbá tó gbé páálí mílíìkì wọlé lójú àwọn àna, bàbá tó ń gbìyànjú nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn páálí ẹ̀bùn ńláńlá fi ń tà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Aláboyún àkọ́bí ni oníbàárà tó wúlò jù lọ, torí kò tíì ní àṣà rírà kankan. Èyí tó bá kọ́kọ́ mú ló máa ń tẹ̀ lé, ó ń bẹ̀rù láti pààrọ̀ kí nǹkan má lọ ṣe ọmọ. Nítorí náà kí ọmọ tó dé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Áàpù tó ò ń fi ka ọ̀sẹ̀ oyún ẹ, o ti sọ ọjọ́ tó o máa bí fún un. Gúrúùpù ìyá ọlọ́mọ tó o wà, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti bá ẹni tó dá a sílẹ̀ dọ́wọ̀ọ́ pọ̀. Sisí tó ń fi ọmọ ẹ̀ hàn lórí TikTok, wọ́n gbé ọjà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ o ò lè mọ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, wo ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n sì gbé àbájáde jáde lóṣù Kẹrin 2022, wọ́n rí àkáǹtì orúkọ mílíìkì ọmọ 264 tó ń gbé nǹkan bí 90 nǹkan jáde lójúmọ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 229. Ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ àwọn àkáǹtì tó ń kọ́ni nípa fífún ọmọ lọ́mú, tí kì í ṣe ti oníṣòwò, ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àti pé òru ni wọ́n ń fẹ́ jù. Ìyá tó wà lójúfò ní aago mẹ́ta òru tí ọmọ ń ké, tí gbogbo ilé ti sùn, fóònù nìkan ló bá a ṣeré. Ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó máa mú ọmọ dákẹ́, ó máa rà á.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́remí
Ọ̀gbẹ́ni Ọlá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe. Ó yẹ ká mọ̀ pé òfin wà lórí èyí tó jẹ́ ti mílíìkì. Ní May 1981, ní ìpàdé àpérò ìlera àgbáyé ní Geneva, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà lórí títa ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò ọmú. Orílẹ̀-èdè 118 ló dìbò fún un, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò takò ó. Nàìjíríà sọ tiwa di òfin ní 1990, Decree 41, NAFDAC ló wà nídìí ẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ polówó mílíìkì ọmọ ọwọ́ fún aráàlú, wọn ò gbọ́dọ̀ fún ìyá ní sáńpù, wọn ò gbọ́dọ̀ fi àwòrán ọmọ tó dáa lójú sára agolo.

Síbẹ̀, nígbà tí WHO àti UNICEF bi àwọn òbí àti aláboyún 8,500 léèrè ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà wà níbẹ̀, èyí tó ju ìdajì lọ, 51 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ní àwọn ti bá ìpolówó mílíìkì pàdé. 2022 ni wọ́n gbé e jáde. Òṣìṣẹ́ ìlera náà wà lára ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, bíi kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn kékeré, kí wọ́n sanwó sẹ́mínà fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu nọ́ọ̀sì jáde, ìyá máa gbà á gbọ́, èyí ló ń dùn mí jù nínú ẹ̀.

Àmọ́ ká má di gbogbo ẹ̀rù lé orí mílíìkì alágolo. Nínú NDHS ti 2018, ìyẹn ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, ọmọ 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan ní Nàìjíríà. Omi lásán pẹ̀lú agbo ló sì ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Wọ́n á ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, wọ́n á ní inú ń run ún. Ìyá tó kọ̀ láti fún ọmọ ní omi, àwọn àgbà ilé á ní ìkà ni.

Bísí_Marina
Ẹ̀yin ará, mo ní nǹkan láti sọ lórí ọmú nìkan yìí. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo gbà pé ọmú ló dáa jù, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà. Tẹ́lẹ̀ fídà àti agolo ni wọ́n fi ń mọ ìyá tó lajú. Ní báyìí ọmú ni, ó dáa, ṣùgbọ́n ọjà ò kúrò nílẹ̀ o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọmú, èyí tó ní bátìrì, báàgì tí wọ́n ń da omi ọmú sí, kúlà, bisikíìtì tó ń mú omi ọmú wá, tíì tó ń mú omi ọmú wá, bùrésíà ọlọ́mọ. Nígbà tí mo kà á, ọmú tí gbogbo èèyàn ní ọ̀fẹ́ ni náà fẹ́ gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà wa ní ògì gbígbóná àti ọbẹ̀ gbígbóná ló ń mú ọmú wá, èmi ṣá jẹ́ kí n jẹun dáadáa kí n mu omi.

Kí ló fà á tí mo fi nílò ẹ̀rọ yẹn? Torí mi ò sí nílé ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 fún ìsinmi ìbímọ. Òfin òṣìṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 12 ló kọ, owó tí wọ́n máa san kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà lọ́mú nìkan, iṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta tó kù yẹn èmi ni wọ́n ní kí n lọ fi owó ara mi rà á. Ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ńkọ́, tí kò ní líìfù kankan? Ìyẹn tiẹ̀ lè gbé ọmọ pọ̀n lọ ibi iṣẹ́, ó sàn jù mí lọ níbẹ̀.

Tolú_Houston
Àǹtí Bísí ẹ ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ pípọ̀n tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn ló rán mi létí nǹkan kan tí mi ò lè gbàgbé. Obìnrin nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, bá ẹgbẹ́ Peace Corps, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà ń rán lọ sókè òkun, lọ sí Tógò ní nǹkan bí ọdún 1960 sí i, ó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọn ọmọ tí ọkàn ọmọ sì balẹ̀. Nígbà tó bí tiẹ̀ ní 1964 ó fẹ́ pọn ọn bẹ́ẹ̀, ọmọ ń yọ̀ bọ́ lẹ́yìn ẹ̀, ló bá ní kí màmá òun rán ohun tó máa mú un dání. Ibẹ̀ ni ohun ìgbọ́mọ tó ń jẹ́ Snugli ti jáde, ó gba ìwé àṣẹ onímọ̀ (patent) lórí ẹ̀ ní 1969, òwò ńlá ló dà. Mi ò ní ó jí nǹkan ẹnikẹ́ni o, ó sọ ibi tó ti rí i fúnra ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá kọ́ èèyàn níbí pé ìyá tó fẹ́ kí ọmọ mọ òun gbọ́dọ̀ gbé e mọ́ra, ọjà ló tẹ̀ lé e, ti aláṣọ òwú, ti onírin lẹ́yìn, owó gọbọi. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi níbí ń rà á, wọ́n sì ń tijú láti fi ọ̀já pọn ọmọ lọ sí Walmart.

Oorun ni wọ́n ń tà jù níhìn-ín. Fisher-Price ṣe ibùsùn kan tó dagun díẹ̀, Rock 'n Play, gbogbo líìsì ẹ̀bùn aláboyún ló wà. Ní April 2019 wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà, nǹkan bí mílíọ̀nù 4.7, torí ó ti ju ọmọ 30 lọ tó kú lórí ẹ̀. Ní 2022 ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n má tà irú ẹ̀ mọ́, pẹ̀lú tìmùtìmù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ ni kí ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, lórí ibi tó tẹ́jú tó le díẹ̀, kí nǹkan kan má sí nínú bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀dì tó kún fún pílò àti rìbọ́ǹnù lórí Instagram, òdì kejì ẹ̀ ni. Adùkẹ́ jọ̀ọ́, tó o bá rí èyí tó dagun yẹn láàárín ọjà tòkunbọ̀, má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ṣadé_Peckham
Ti Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò gba kí wọ́n polówó mílíìkì àkọ́kọ́, ti ọmọ tó kéré sí oṣù mẹ́fà. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ṣe ti oṣù mẹ́fà sókè, orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà 2 àti 3 lára agolo, ìyẹn ni wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, sì ní kò sí ìdí láti pààrọ̀ sí i, ọmọ lè máa mu ti àkọ́kọ́ títí á fi pé ọdún kan.

Ohun tó ká mi lára jù ni owó. Lóṣù Kejì 2025, àjọ CMA tó ń ṣọ́ ọjà níbí ní gbogbo mílíìkì àkọ́kọ́ tó wà lórí àtẹ ló gbọ́dọ̀ bá ìlànà oúnjẹ tí òfin là sílẹ̀ mu, pé èyí tó wọ́n kò sàn ju èyí tó pọ́ọ́kú, pé ìyá tó bá pààrọ̀ lè fi nǹkan bí £300 pamọ́ lọ́dún. Àwọn ìyá ọ̀dọ̀ wa tí mo sọ ọ́ fún, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kílíìnà lóru, kò rọrùn fún wọn láti gbà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní mu èyí tó pọ́ọ́kú nílùú òyìnbó. Nǹkan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pọ̀ ju mílíìkì lọ, wọ́n ti jìyà, wọ́n ò fẹ́ kí ọmọ jìyà. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ti síríàlì ńkọ́? Ọmọ mi ò fẹ́ jẹ ògì, àmọ́ ó ń jẹ ti inú agolo, ó sì ń sanra. Àti pé wọ́n ní kí n ra oògùn eyín fún un, ó ti ń hu eyín.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́remí
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ ṣọ́ra fún sísanra yẹn, ara ohun tí wọ́n ń tà náà ni. Ní April 2024, àjọ Public Eye ti Switzerland gbé e jáde pé Cerelac tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà ní ṣúgà tí wọ́n fi kún un, tiwa ní Nàìjíríà wà lára ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé irú síríàlì tí wọ́n ń tà ní Switzerland fúnra ẹ̀ ò ní. Ọmọ máa fẹ́ràn ohun tó dùn. Ẹ fi ẹ̀wà lílọ̀, ẹja tàbí ẹ̀pà sínú ògì yẹn, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, á mọ̀ ọ́n jẹ.

Ti oògùn eyín, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Ní 2008, oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin, tí wọ́n ti po kẹ́míkà olóró mọ́, pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà yìí. Ìyá tó fẹ́ ran ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ ló rà á, kò sí ìyá kankan nínú wọn tí kò fẹ́ràn ọmọ. Eyín kì í fa ibà gidi, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e wá sí ọsibítù.

Adùkẹ́_Bódìjà
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi ní ibi àwọn ọmọ 84 yẹn. Èmi máa ra èyí tó kan ara ọmọ, màmá Ògùnpa mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nápì aláṣọ tó nípọn ni mo fẹ́ pẹ̀lú dáípà díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mi ọmọ, rárá. Báàgì, mo ní báàgì nílé. Èyí tí mi ò tíì yanjú ni ti ọmú, torí èmi náà máa padà síṣẹ́. Àǹtí Bísí, kí lẹ ṣe?

Bísí_Marina
Mo ra èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, kò wọ́n bíi ti bátìrì. Àmọ́ kọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń fún un níbi iṣẹ́, inú mi ò dùn sí i.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́remí
Ọwọ́ lásán tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́ lè fún un jáde, ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí fi hàn yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni. Omi ọmú tẹ́ ẹ fún síta, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsí nínú fíríìjì, tí ooru bá sì mú gidi ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àǹtí Bísí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ ló yẹ yín. Òfin òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àsìkò iṣẹ́.

Bísí_Marina
Ẹ̀n-ẹ́n? Ẹnì kankan ò sọ fún mi rí. Àwa ìyá ọlọ́mọ pọ̀ ní ẹ̀ka tiwa, a lè jọ kọ lẹ́tà sí HR. Apá wo ló wà nínú òfin yẹn?

Nọ́ọ̀sì_Mọ́remí
Apá 54. Mo ti ya fọ́tò ojú ìwé ẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín.